A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìjà ni mo bá wá lóṣù yìí. Ṣùgbọ́n kí n tó nàka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ara mi, nítorí pé ọ̀daràn kìíní nínú ọ̀rọ̀ náà, èmi ni.

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ èèwọ̀ yìí. Bí ìyá kan bá kó ọmọ rẹ̀ márùn-ún jáde, tí ẹ wá nàka sí wọn, "ení, èjì, ẹ̀ta," ẹ ó gbọ́ èébú tí ẹ kò gbọ́ rí. Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe lóde òní. Ọmọ tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, tí kò tíì ju hóró ẹ̀wà kan lọ, òun la ń kà, òun la ń sọ lórúkọ, òun la ń se ẹ̀wà fún. Èmi ka méjì. Mo kà á fún ìyá mi, mo kà á fún ọ̀gá mi, mo kà á fún gbogbo ọ́fíìsì wa. Nígbà tí méjì di ọ̀kan, èmi kọ́ ni mo jìyà kíkà náà. Ìyàwó mi ni.

Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí." Bó ṣe rí nìyí.

IṢÉJÚ MÉJÌ

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ìyàwó mi fi wá ọmọ. Mi ò ní ro gbogbo rẹ̀ fún yín. Ẹni tó ti dé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì dé ibẹ̀ rí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó débẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ń ṣàdúrà níbi ìkómọ pé a ò ní fọwọ́ osùn nu ògiri, gbogbo ojú ló máa ń yí sí ọ̀dọ̀ aya mi, òun náà á sì dorí kodò bí ẹni tó jalè.

Dókítà yẹ̀ wá wò, ó rí i pé ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wá sí ilé ọmọ ti dí ní apá méjèèjì. Ó ní kí a ṣe IVF. Púlọ́ọ̀tì kan tí a rà ní Ìkòròdú la tà, a sì tún yá owó kọpurétíìfù lé e. Èkíní kò dúró. Èkejì ni mo ń sọ yìí.

Fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: lóṣooṣù, ẹyin kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbó nínú obìnrin. Wọ́n á máa gún un ní abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí ọ̀pọ̀ ẹyin lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn fa àwọn ẹyin náà jáde, wọ́n á pa wọ́n pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ nínú àwo kékeré kan, wọ́n á sì máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó bá dàgbà dáadáa nínú wọn ló di ọlẹ̀. Òun ni wọ́n ń gbé sínú ilé ọmọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá obìnrin náà ti fẹ́ra kù. Bí ẹ kò bá tíì dúró de ọ̀sẹ̀ méjì yẹn rí, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ní sùúrù.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọlẹ̀ wọlé, dókítà ní mẹ́ta ló dára. Ó ní ìmọ̀ràn òun ni pé kí a fi ẹyọ kan sí i, kí a tọ́jú méjì yòókù pa mọ́ fún ọjọ́ mìíràn. Inú bí mi. Mo ní, "Dókítà, ẹ dákun, ṣé gbogbo owó tí mo ná yìí, ẹyọ kan ni mo ná an lé? Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i!" Ó ní òun ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà bí ẹni tó ń ra iṣu. A fẹnu kò sí méjì. Ìyàwó mi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó ń wò wá. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun nínú àwa méjèèjì.

Oyún dúró. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méje, a lọ fún sikáànì. Nọ́ọ̀sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí wa, ó ní, "Ẹ wo ibí, ẹ tún wo ọ̀hún." Nǹkan méjì ń ṣẹ́jú, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, bí iná mọ́tò tó fẹ́ yà ní ìkóríta. Ọkàn wọn ni. Mo kígbe. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa rọra yọ̀ o. Iwájú ló kù. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá kí ẹ tó la ẹnu." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́. Kí a tó dé ìdí mọ́tò ni mo ti pe Màmá mi lórí fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú àpò ẹ̀wà olóyin àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa. "Ẹ̀jìrẹ́ mi dé! Ìyàwó mi, o ò ní ṣe àṣedànù!" Ó se ẹ̀wà, ó pe gbogbo ọmọ àdúgbò, ó bu fún wọn. Ìyàwó mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bì. Bí oyún bá jẹ́ ìbejì, èébì òwúrọ̀ sábà máa ń le ju ti ẹyọ kan lọ. Òórùn epo yẹn nìkan ti tó láti lé e lọ sí balùwẹ̀. Ní ọ́fíìsì, "Bàbá Ìbejì" ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń dáhùn. Ní ọjọ́ Àìkú, pásítọ̀ pè é jáde kó wá jẹ́rìí. Ó jẹ́rìí. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Àǹtí wa kan sọ pé oògùn òyìnbó yẹn ló ń da àwọn ọmọ láàmú, kó dá a dúró, kó máa mu àgbo. Bẹ́ẹ̀ oògùn náà ni ó ń ran ilé ọmọ lọ́wọ́ láti di oyún mú títí ibi ọmọ yóò fi lágbára tó láti máa ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi kò dá wọn lóhùn. Ó rọra ń lo oògùn rẹ̀. Òun nìkan ló gbọ́n nínú ilé wa nígbà yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, nọ́ọ̀sì tún yí ojú ẹ̀rọ sí wa. Ọ̀kan ń ṣẹ́jú. Ìkejì kò ṣẹ́jú mọ́.

"ÌKEJÌ Ń KỌ́?"

Dókítà fara balẹ̀ sọ fún wa pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe. Ó ní ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, pé lọ́pọ̀ ìgbà ọlẹ̀ tó bá dúró bẹ́ẹ̀ ti ní àléébù láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ara ìyá á rọra fà á mu. Ó ní ọ̀kan tó kù ń dàgbà dáadáa. A dúpẹ́. A délé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà tí a délé ni ìyà wa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo ti ka méjì fún ló ń béèrè méjì lọ́wọ́ ìyàwó mi. "Ìkejì ń kọ́?" "Kí lo gbé tó wúwo?" "Àbí o jẹ ohun tí ìbejì kì í jẹ?" Ìyá mi, tí mo fẹ́ràn, jókòó ní pálọ̀ wa, ó ní, "Ẹni tí Ọlọ́run fún ní méjì tó mú ọ̀kan wálé, ó yẹ kó yẹ ara rẹ̀ wò." Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ ní ẹ̀rí tó jẹ́ ní ìjọ́sí, ó dà bíi pé kò dúpẹ́ tó nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò tíì gbàgbé títí dòní. Àwa Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan. Ẹni tó jókòó, a ní ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Òjò rọ̀, ẹ kú òjò. Olóyún bí, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé ọ̀kan láàyè àti ọ̀kan tó ti dákẹ́ sínú kan náà, kí la ń kí i? Ṣé ká bá a yọ̀ ni, àbí ká bá a dárò? Kò sí ẹni tó mọ̀. Nítorí pé wọn kò mọ̀, ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe ìkíni. Bí mo bá ti pa ẹnu mi mọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, òun pẹ̀lú dókítà àti èmi nìkan ni ìbá mọ̀, ìbá sunkún rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ìbá sì nu ojú rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA ŃLÁ WA MỌ̀

Ẹni kan á sọ pé: ìbejì ni ire tiwa, kí ló dé tí inú wa kò ní dùn? Òótọ́ ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì bí ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Nylander ṣe ìwádìí ní Ìgbó-Ọrà, ní Ìbàràpá, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì. Kò tó 15 ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà. Láti 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe ọdún ìbejì ní Ìgbó-Ọrà, tí àwọn ìbejì ń wọ aṣọ kan náà láti ibi gbogbo wá.

Ẹ tún jẹ́ ká fi ẹnu kan sọ ọ́ fún àwọn tó ń yọ́ sọ pé ìbejì IVF kì í ṣe ìbejì gidi. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbejì Ìgbó-Ọrà, ẹyin méjì ló di wọn, kálukú pẹ̀lú ibi tirẹ̀. Ìbejì IVF tí a gbé ọlẹ̀ méjì sí, ẹyin méjì náà ni. Táyé ni Táyé, Kẹ́hìndé ni Kẹ́hìndé, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn náà nìkan la ń sọ. Ẹ lọ wo ère ìbejì. Wọ́n wà ní British Museum ní London, wọ́n wà káàkiri Amẹ́ríkà. Òyìnbó ń wò wọ́n, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà tó dára ni. Ta la gbẹ́ wọn fún? Ìbejì tó kú la gbẹ́ wọn fún! Ìyá wọn ń wẹ ère náà, ó ń fi osùn pa á, ó ń fún un lóúnjẹ, nítorí pé èkejì rẹ̀ ṣì wà láàyè. Iye ère yẹn ni kí ẹ fi mọ iye ìbejì tí a sin. Àwọn baba ńlá wa fẹ́ràn ìbejì, wọ́n sì bẹ̀rù fún wọn. Wọ́n mọ̀ pé ire ẹlẹgẹ́ ni. Àwa ti mú ẹ̀wà àti ijó, a ti ju ẹ̀rù nù.

Dókítà òde òní ń sọ ohun kan náà ní ohùn tirẹ̀. Ju ìdajì àwọn ìbejì lọ ni wọ́n ń bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógójì. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń dé bá ìyá wọn ju ìyá ọmọ kan lọ, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbí náà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ náà bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, abẹ́rẹ́ tó mú ẹyin gbó lè mú kí ikùn obìnrin mìíràn wú, kó máa mí gúlegúle, èyí sì máa ń le sí i bí oyún bá ti dúró, pàápàá bó bá jẹ́ ìbejì. Nígbà mìíràn, ọlẹ̀ kan á wà nínú ilé ọmọ, èkejì á há sí ọ̀nà ẹyin. Èyí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn IVF ju oyún tó wá fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà, olóyún tí inú ń gbo gidigidi, tí òyì ń kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé àwọn ìbejì ló ń ṣeré. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ọ̀kan tó ń lọ tí ọ̀kan ń kù, ìwádìí oríṣiríṣi fi hàn pé nínú oyún ìbejì mẹ́wàá tí sikáànì rí ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sí mẹ́ta ló ń di ẹyọ kan kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kí sikáànì tó dé, ta ló mọ̀? Ìyá á rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dá, ọmọ kan á wáyé, wọ́n á fi oyin àti iyọ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ó parí. Ojú wa ti ríran ju ti àwọn ìyá wa lọ báyìí. Ó wá yẹ kí ẹnu wa náà kọ́ sùúrù.

"KÍ OWÓ MÁ BAÀ ṢÒFÒ"

Mo mọ ohun tí àwọn ọkùnrin bíi tèmi máa sọ. Wọ́n á ní, "Ìwọ oníwèé ìròyìn, owó lo ò tíì rí ká ná. Ẹni tó fi gbogbo ìní rẹ̀ ṣe IVF, ṣé kò yẹ kó gba méjì ní owó ẹyọ kan?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí èmi náà sọ ọ́. Kò sí ìjọba tó bá wa san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bí ọkùnrin bá mọ̀ pé òun ò ní lè padà wá mọ́, á fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà dé ìdí. Ọlẹ̀ tí a kò lò kì í ṣòfò. Wọ́n máa ń tọ́jú u sínú náítírójìn olómi, tó tutù ju yìnyín lọ lọ́nà tí ẹnu kò lè sọ, iná mànàmáná ìbáà lọ, ìbáà wà. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá wo ìbejì tí wọ́n bí ní oṣù keje: ẹ ti san owó inkubétọ̀ ọmọ méjì lójúmọ́ rí? Ẹ ti jókòó ní ọ̀nà ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí nọ́ọ̀sì ń jáde wá tí àyà yín ń já? Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́, ibẹ̀ ló máa lọ, kí Ọlọ́run má sì jẹ̀ẹ́ kó jù owó lọ.

Àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti kọ́gbọ́n. Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, tí wọ́n bí ní Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní July 25, 1978, ẹyin kan, ọlẹ̀ kan ni! Lẹ́yìn ìyẹn ni ojúkòkòrò wọlé, tí wọ́n ń kó mẹ́ta, mẹ́rin sí obìnrin nínú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1990, ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìbímọ IVF lọ ló jẹ́ ìbejì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n pariwo, wọ́n ṣòfin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹyọ kan. Nígbà tó fi di 2019, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ iye obìnrin tó ń bímọ nínú ẹni tó ṣe é kò dín kù, ńṣe ló pọ̀ sí i. Ilẹ̀ Sweden ti sọ ẹyọ kan di òfin gbogboogbò láti 2003. Ní California, obìnrin kan bí ọmọ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà ní January 2009 lẹ́yìn tí dókítà rẹ̀ gbé ọlẹ̀ méjìlá sí i nínú. Àwọn aláṣẹ gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà ní 2011. Wọn ò pè é ní akọni o.

Kì í ṣe pé àwa kò ní onímọ̀. LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti ṣe aṣáájú iṣẹ́ yìí fún wa ní àwọn ọdún 1980. Ìmọ̀ wà nílé. Àwa tó ń sanwó ló ń fi owó borí ìmọ̀, tí dókítà bá sọ òótọ́, a ó ní kò fẹ́ ire fún wa.

Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run ló ń fúnni ní ìbejì. Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ wá jẹ́ kí Ọlọ́run fún yín. Ẹni tó bá na ọjà iye ọlẹ̀ bí mo ti nà án, Ọlọ́run kọ́ ló ń bẹ̀, dókítà ló ń fipá mú.

OHUN TÍ MO Ń BÉÈRÈ

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi IVF pa mọ́ bí ẹni tó jalè. Àwọn obìnrin kan wà tí ojú ń tì, tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, wọn ò ní sọ fún dókítà bí oyún náà ti wọlé àti oògùn tí wọ́n ń lò. Ewu ńlá nìyẹn. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọkọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹnì kan tí obìnrin náà fẹ́ràn, tó lè bá a sunkún, kó mọ̀. Àṣírí yàtọ̀ sí ariwo, ó sì yàtọ̀ sí irọ́.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bi ìyàwó yín léèrè kí ẹ tó na ọjà lórí ikùn rẹ̀. Òun ló máa gbé e.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo fi orí balẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ìgbà tí ẹ̀yin fẹ́ra kù, ṣé ẹ pariwo? Ẹ rọra ń wé aṣọ sí i títí ó fi yọ fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò fi àyè kan náà sílẹ̀ fún ìyàwó ọmọ yín? Bí ẹ bá sì fẹ́ se nǹkan fún un, ẹ bi í léèrè ohun tí ẹnu rẹ̀ ń gbà.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin aáfà, ẹ jẹ́ kí ọmọ dé kí ẹ tó gba ẹ̀rí. Ọlọ́run kò kánjú gba ọpẹ́.

Ẹ̀yin dókítà tó ń gbé fọ́tò ìbẹta sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn yín bí àwòrán ọjà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ebi ọmọ ń pa ni ẹ ń fi han. Ẹ gbé àwòrán ìyá kan àti ọmọ kan tára wọn le síbẹ̀.

Ìjọba, ẹ bá wa san nínú owó yìí. Ilẹ̀ Belgium ṣe é ní 2003: ìjọba ń sanwó, ó sì ń dín iye ọlẹ̀ tí dókítà lè gbé sínú kù. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè padà wá kò ní fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin yòókù, tí ẹ rí obìnrin tí ẹ gbọ́ pé ó ń retí ìbejì, tí ẹ wá rí ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má béèrè ìkejì. Ẹ ní, "Ẹ kú ewu ọmọ." Kí ẹ sì dákẹ́.

Ọmọbìnrin ni tiwa. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti oníwèé ìròyìn lọ. Màmá mi ni ó ń pọ̀n ọ́n káàkiri Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní ọjọ́ kan, ó rọra pe ìyàwó mi sí yàrá, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú àwọn méjèèjì pọ́n, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀fọ́.

Ọlẹ̀ kan ṣì wà ní ìpamọ́ fún wa, èyí tí dókítà kọ̀ láti fún mi lọ́jọ́ yẹn. A ti pinnu pé a ó lọ mú un. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìyàwó mi ló dá ọjọ́. Bí ó bá dúró, bí kò sì dúró, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí ẹ bá pàdé wa lọ́nà, tí ẹ rí i pé ikùn rẹ̀ ti yọ, ẹ kí wa, ẹ ní ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta.

Ẹ má kà á.